Ọjọ́ Tí Iṣẹ́ Tó Lé ní Ọgbọ̀n Di Mẹ́sàn-án

Ní ọjọ́ 15, oṣù kọkànlá, ọdún 2005, àwọn tó ń ta géèmù Star Wars Galaxies lórí íntánẹ́ẹ̀tì tan kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n sì rí i pé ayé tí wọ́n ti ń gbé inú rẹ̀ láti ohun tó lé ní ọdún méjì ti yí padà mọ́ wọn lójú. Ẹni tó ti fi oṣù gbọọrọ kọ́ bí a ṣe ń mú ẹranko ìgbẹ́, tí a sì ń kọ́ ọ títí yóò fi máa gbọ́ràn sí olówó rẹ̀ lẹ́nu, bá a pé iṣẹ́ náà kò sí mọ́ rárá. Aránṣọ, alásè, ayàwòrán-ilé àti ẹni tó ń rọ ohun ìjà bá ara wọn lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo: oníṣòwò. Oníjó àti olórin di ọ̀kan náà. Iṣẹ́ tó lé ní 30, tí ẹnikẹ́ni lè pa pọ̀ mọ́ra wọn bó ṣe wù ú, ti di 9 péré, ẹnì kan kò sì lè ṣe ju ọ̀kan lọ. Ìkéde tó kọ́kọ́ sọ pé àyípadà ń bọ̀ kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì nígbà náà.

Ọ̀rọ̀ náà dun àwọn ènìyàn débi pé ìwé ìròyìn New York Times kọ nípa rẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ní láti padà sẹ́yìn, sí àríyànjiyàn kan tó ti wà nílẹ̀ kí íntánẹ́ẹ̀tì tó wọ ilé ẹnikẹ́ni. Nínú géèmù tí ènìyàn ti ń gbé ẹ̀dá mìíràn wọ̀, báwo ni ẹ̀dá náà ṣe yẹ kó dàgbà?

Ìdáhùn kan jọ ohun tí Yorùbá ń pè ní àkúnlẹ̀yàn. Kí ẹ̀dá tó wọ ayé, yóò yan ìpín: jagunjagun, oṣó, àlùfáà, olè. Ìpín yẹn ni yóò máa pinnu ohun tó lè kọ́ àti ohun tí kò lè kọ́ láéláé, bó ti wù kó gbìyànjú tó. Bó bá ti pa ọ̀tá tó iye kan, á gun ìpele, ìpele náà á sì fún un ní agbára tí ìpín rẹ̀ ti pèsè sílẹ̀ dè é. Ìdáhùn kejì kò mọ ìpín. Ẹ̀dá wọ ayé lọ́wọ́ òfìfo, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá sì ń ṣe ni ọwọ́ rẹ̀ ń mọ̀: ẹni tó ń fi idà jà ń mọ idà í lò, ẹni tó ń ránṣọ ń mọ aṣọ í rán. Ẹ jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ máa jẹ́ ètò àkúnlẹ̀yàn, kí èkejì máa jẹ́ ètò òye-iṣẹ́.

Àkúnlẹ̀yàn ló kọ́kọ́ dé, ìdí tó sì fi kọ́kọ́ dé kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú bí ènìyàn ṣe ń kọ́ṣẹ́. Ogun ló bí i. Ní ọdún 1971, Gary Gygax àti Jeff Perren, ará Amẹ́ríkà, gbé ìwé òfin kan jáde tí wọ́n pè ní Chainmail, fún àwọn tó ń to ọmọ ogun kéékèèké sórí tábìlì láti fi wọ́n ja ogun ayé àtijọ́. Lórí tábìlì bẹ́ẹ̀, irú ọmọ ogun tí ènìyàn ní ni gbogbo ọ̀rọ̀: ẹlẹ́ṣin yàtọ̀ sí tafàtafà, tafàtafà sì yàtọ̀ sí ẹni tó gbé ọ̀kọ̀. Dave Arneson, ní ìpínlẹ̀ Minnesota, ló wá gba ọ̀nà mìíràn yọ. Dípò kí ènìyàn máa darí ọ̀wọ́ ọmọ ogun, ó ní kí oníkálukú di ẹnì kan ṣoṣo mú, kí ó máa jẹ́ orúkọ rẹ̀, kí ó sì máa bá a lọ láti ọ̀sẹ̀ kan dé òmíràn. Nígbà tí Gygax àti Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní ọdún 1974, ìpín mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: jagunjagun, oṣó àti àlùfáà. Olè dé ní ọdún 1975. Ẹni kọ̀ọ̀kan ti gba orúkọ, ṣùgbọ́n irú ọmọ ogun tó jẹ́ lórí tábìlì ṣì wà lára rẹ̀ bí ilà ojú.

Kò pẹ́ tí àwọn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Kí ló dé tí oṣó kò fi lè di idà mú? Ta ló sọ pé jagunjagun kò lè kọ́ bí a ṣe ń ṣí àgádágodo? Ní ọdún 1977, Marc Miller gbé Traveller jáde, géèmù ìrìn-àjò láàárín àwọn ìràwọ̀, tí kò ní ìpín, àfi àkójọ iṣẹ́ tí ẹ̀dá ti kọ́ sẹ́yìn. Ní ọdún 1978 ni ilé-iṣẹ́ Chaosium ní California gbé RuneQuest jáde, èyí ló sì gbé èrò náà dé góńgó. Steve Perrin wà lára àwọn tó kọ òfin rẹ̀. Ọkùnrin yìí wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Berkeley ní ọdún 1966, ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń múra bí ará Yúróòpù àtijọ́, tí wọ́n sì ń fi ìdà onígi bá ara wọn jà. Ẹni tí igi ti bà léjìká rí kò ní gbà pé ìpele kan ṣàdédé ń sọ̀ kalẹ̀ wá kọ́ ènìyàn ní ìjà.

Òfin RuneQuest rọrùn láti lóye. Wọ́n ń fi iye kan nínú 100 díwọ̀n bí ẹ̀dá ṣe mọ ohun kan tó. Bó bá lo òye náà nínú ìrìn-àjò, tó sì yọrí sí rere, wọ́n á fàmì sí i. Lẹ́yìn ìrìn-àjò, á ju ọmọ ayò onígun. Bí iye tó yọ bá ju ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ lọ, òye rẹ̀ á pọ̀ sí i. Ìyẹn ni pé ẹni tó mọ 30 á tètè máa tẹ̀síwájú, ẹni tó ti mọ 90 á pẹ́ kí ó tó rí nǹkan kún un. Ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó ti ọ̀gá kọ́ṣẹ́ rí mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ló ń rí.

Orí tábìlì àti ìwé ni gbogbo èyí wà o. Bó ṣe dé orí kọ̀ǹpútà kò gba àlàyé púpọ̀. Ní Yunifásítì Essex ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Roy Trubshaw bẹ̀rẹ̀ géèmù kan ní ọdún 1978, ó pè é ní MUD, Richard Bartle sì bá a parí rẹ̀. Kò sí àwòrán níbẹ̀, ọ̀rọ̀ lásán ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn lè wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó wá pinnu ọ̀nà tí ayé máa gbà ṣẹlẹ̀ ní Denmark. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún ní ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Copenhagen kọ DikuMUD, wọ́n sì gbé e síta ní ọdún 1991. Dungeons & Dragons ni wọ́n ń wò kọ ọ́: jagunjagun, oṣó, àlùfáà, olè. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ẹ, bí onítọ̀hún kò bá ṣáà ti fi pawó. Ó rọrùn láti gbé kalẹ̀, kò sì ṣòro láti tún ṣe, nítorí náà irú-ọmọ rẹ̀ kún gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sí ìjíròrò kankan tí ètò àkúnlẹ̀yàn ti borí ètò òye-iṣẹ́. Èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ni gbogbo ènìyàn gbé.

Ìdí nìyí tó fi yani lẹ́nu pé géèmù àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn rọ́ wọ̀ gba ọ̀nà kejì. Ultima Online jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1997 láti ọwọ́ Origin Systems, ní ìlú Austin, Texas. Richard Garriott ló ni orúkọ Ultima, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti inú àwọn géèmù ọlọ́rọ̀-lásán wá, Raph Koster, ló ṣáájú àwọn tó ń to bí nǹkan yóò ṣe máa ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Kò sí ìpín níbẹ̀. Àkójọ òye ló wà: idà, ọfà, oògùn, ẹja pípa, aṣọ rírán, irin rírọ, oúnjẹ sísè, ẹranko títù lójú, títí dé agbe ṣíṣe. Bẹ́ẹ̀ ni, ènìyàn lè di ọ̀gá nínú agbe ṣíṣe. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ títí dé 100, àpapọ̀ gbogbo wọn kò sì gbọdọ̀ ju 700 lọ. Ẹni tó bá ti dé ibẹ̀, tó ṣì ń kọ́ nǹkan tuntun, á rí i pé bí ọ̀kan ti ń gòkè ni òmíràn ń wálẹ̀. Ètò náà mọ ìgbàgbé.

Ohun tó jáde nínú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Ní iwájú ilé àgbẹ̀dẹ ìlú Britain, olú-ìlú ayé yẹn, àwọn ènìyàn tí kò pa ẹranko abàmì kankan rí máa ń dúró láti òwúrọ̀ dalẹ́, wọ́n ń tún ẹ̀wù irin àwọn ẹlòmíràn ṣe, wọ́n sì ń tàkúrọ̀sọ. Òkìkí àwọn kan kàn nítorí aṣọ tí wọ́n ń rán. Kò sí òfin tó ní kí wọ́n máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjà ni wọ́n rí, wọ́n sì jókòó sọ́jà.

Àléébù rẹ̀ náà kò pẹ́ yọjú, méjì nínú wọn ló sì ṣe pàtàkì. Èkíní ni pé bí lílo nǹkan bá ń sọni di ọ̀gá, lílò tí kò nítumọ̀ náà ń sọni di ọ̀gá. Àwọn ènìyàn kọ ètò kékeré tó ń tẹ bọ́tìnnì fúnra rẹ̀, wọ́n fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ lóru, wọ́n lọ sùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ̀dá wọn á ti fi ara pamọ́ ní ìgbà àìmọye láti kọ́ bí a ṣe ń fara pamọ́, láìsí ẹni tó ń wá a. Ìkejì le ju ìyẹn lọ. Nígbà tí gbogbo ènìyàn lómìnira láti da òye pọ̀ bó ṣe wù wọ́n, ọ̀pọ̀ àwọn tó fẹ́ràn ìjà wá da ohun kan náà pọ̀: ohun ìjà ńlá, ẹ̀wù ìjà àti oògùn, nínú ẹ̀dá kan ṣoṣo. Jagunjagun tó tún jẹ́ oṣó ni. Ó lè ṣe ara rẹ̀ wòsàn, ó lè pa ni láti òkèèrè, ó lè pa ni nítòsí, kò nílò ẹnikẹ́ni. Ìlú tó kún fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọgọ́rùn-ún ìgbà ẹnì kan náà ló kún fún.

Ibi tí àléébù yìí wà ni EverQuest gbé ọjà tirẹ̀ sí. Ilé-iṣẹ́ Verant ní San Diego, tó di ti Sony, gbé e jáde ní oṣù kẹta ọdún 1999. Ìpín 14 ló wà nínú rẹ̀. Ó jọ DikuMUD débi pé ẹ̀sùn dìde pé wọ́n jí i kọ. Ní ọdún 2000 àwọn tó kọ ọ́ búra nínú ìwé pé àwọn kò mú ìlà kan nínú iṣẹ́ àwọn ọmọ Copenhagen. Àwọn ọmọ Copenhagen náà gbà bẹ́ẹ̀. Ìrísí ni wọ́n jọ, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀.

Ó yẹ kí a fún ètò àkúnlẹ̀yàn ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ níbí, nítorí àwọn tó fẹ́ràn òye-iṣẹ́ máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé ọ̀lẹ ló ń lò ó. Nínú EverQuest, jagunjagun lè gba ìyà ṣùgbọ́n kò lè wo ara rẹ̀ sàn. Àlùfáà lè woni sàn ṣùgbọ́n bó bá dá nìkan jáde, ẹranko abàmì á fà á ya. Ẹni mẹ́fà ló ń kóra jọ sí ọ̀wọ́ kan, oníkálukú sì mọ ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pè é. Àwọn ìpín kan lè fi oògùn gbé ènìyàn láti ilẹ̀ kan dé òmíràn ní ìṣẹ́jú kan, wọ́n sì ń gbowó ọkọ̀. Àìpé ẹnì kan ni ẹnu ọ̀nà tí ẹnì kejì gbà wọlé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó pàdé nínú géèmù náà di ọ̀rẹ́ títí ayé, kì í sì í ṣe nítorí pé inú wọn dára ju ti àwọn ará Ultima lọ. Òfin ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè dá gbé.

Owó tí wọ́n ń san kò kéré. Ọjọ́ tí ènìyàn kò tíì mọ ohunkóhun nípa ayé tó fẹ́ wọ̀ ni yóò yan ohun tí yóò jẹ́ níbẹ̀. A dáyé tán, ojú ń kán ni. Ẹni tó yan àlùfáà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní, tó sì rí i lẹ́yìn oṣù mẹ́fà pé idà ló wu òun, kò ní ọ̀nà kankan ju pé kó fi ẹ̀dá náà sílẹ̀, kó tún wáyé lákọ̀tun.

Nígbà tí Koster kúrò ní Origin, tó sì bọ́ sọ́dọ̀ Sony, Star Wars Galaxies ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́, ó sì gbìyànjú láti fi ọ̀nà méjèèjì ṣe ọ̀kan. Géèmù náà jáde ní ọjọ́ 26, oṣù kẹfà, ọdún 2003. Ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ní máàkì 250 láti ná. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan dà bí igi: gbòǹgbò kan tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà wọlé, ẹ̀ka mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àkàsọ̀ mẹ́rin, àti góńgó kan tí ẹni tó bá gun gbogbo ẹ̀ka parí ń dé, tí yóò fi máa jẹ́ ọ̀gá. Máàkì 250 tó fún iṣẹ́ ńlá kan tàbí méjì àti díẹ̀ nínú òmíràn, kò tó fún gbogbo rẹ̀. Nítorí náà kò sí ẹni tó lè di gbogbo nǹkan bíi ti Ultima. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ẹni tí wọ́n tì mọ́ inú ìpín bíi ti EverQuest, nítorí ènìyàn lè ju òye kan nù, kó gba máàkì rẹ̀ padà, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ òmíràn láti ìsàlẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí àwọn iṣẹ́ náà ṣe so mọ́ra wọn ni ìtàn náà gbà dùn. Ẹni tó ti jà títí tí ọkàn rẹ̀ fi rẹ̀ kò lè dá ara rẹ̀ sàn. Ilé ọtí ni yóò lọ, yóò jókòó ti oníjó àti olórin, tí wọn kì í ṣe ẹ̀rọ, tí wọ́n jẹ́ ènìyàn gidi tó jókòó ti kọ̀ǹpútà níbòmíràn, títí ọkàn rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Kí ó tó jáde lọ sójú ìjà, á kọ́kọ́ wá dókítà tí yóò fún un lóògùn tí ara rẹ̀ yóò fi le. Nítòsí ibùdókọ̀ ojú òfuurufú ìlú Coronet, ènìyàn máa ń tò sórí ìlà níwájú àwọn dókítà bíi ti ilé ìwòsàn ìjọba. Ìbọn tó gbé lọ́wọ́, alágbẹ̀dẹ kan ló rọ ọ́. Irin tí alágbẹ̀dẹ lò, ẹnì kan ló wà á nílẹ̀. Irú irin bẹ́ẹ̀ sì lè tán lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí èyí tó dára tó o má tún yọ mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ohun èlò ń gbó, nítorí náà ọjà kì í kú. Lápá ìparí ọdún 2003, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dá ìlú sílẹ̀ fúnra wọn, wọ́n ń dìbò yan olórí ìlú. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí kò yìnbọn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé, tí gbogbo ènìyàn ìlú sì mọ̀ wọ́n.

Kò sí géèmù tó súnmọ́ ìlú gidi tó bẹ́ẹ̀ ṣáájú ìgbà náà. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ó pé. Ìjà inú rẹ̀ kò gún régé, àṣìṣe ètò pọ̀ nínú rẹ̀ bí iyanrìn, wọ́n sì gbé e jáde kí wọ́n tó parí rẹ̀. Èyí tó burú jù lọ ni ọ̀rọ̀ Jedi.

Jedi ni akọni inú àwọn fíìmù Star Wars, ẹni tó ń lo idà ìmọ́lẹ̀ àti agbára àìrí. Kò sí ẹni tó ra géèmù náà tí kò wù láti jẹ́ Jedi. Ṣùgbọ́n ní àkókò tí wọ́n fi ìtàn náà sí, ó yẹ kí Jedi ṣọ̀wọ́n bí ojú. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni láti fi í pamọ́: kí ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ní àwọn iṣẹ́ kan tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan, tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀, tó jẹ́ pé bó bá di ọ̀gá nínú gbogbo wọn, ọ̀nà Jedi á là fún un. Oṣù ń gorí oṣù, kò sí Jedi kankan. Wọ́n wá mú ohun kan wọ inú géèmù, tí ẹni tó bá rí i he á fi mọ ọ̀kan nínú iṣẹ́ tó kù fún un. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2003, Jedi àkọ́kọ́ yọjú.

Láti ọjọ́ náà ni ìdí iṣẹ́ ti bàjẹ́. Ẹni tí ìjó kò wù rí ń kọ́ ijó nítorí pé ohun tó rí he sọ fún un bẹ́ẹ̀. Ilé ọtí kún fún àwọn tó ń jó láìsí ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ètò kékeré ló ń tẹ bọ́tìnnì fún wọn. Bí wọ́n bá ti di ọ̀gá oníjó báyìí, wọ́n á jù ú nù ní ọjọ́ kan náà, wọ́n á gba máàkì wọn, wọ́n á gba ìdí iṣẹ́ irin lọ. Ẹni tó yan iṣẹ́ oníṣègùn nítorí pé ó fẹ́ràn rẹ̀ ń wo àwọn ènìyàn tó ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá bí ẹni tó ń gun àkàbà. Ètò tó ti sọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan di ìgbé-ayé ti fúnra rẹ̀ sọ gbogbo wọn di àkàbà. Ẹ̀bi yìí, ti àwọn tó fẹ́ràn òye-iṣẹ́ ni, wọn kò lè rí i dì ru ẹlòmíràn.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2004, ilé-iṣẹ́ Blizzard gbé World of Warcraft jáde. Ìpín 9, ìpele 60, ohun gbogbo hàn kedere. Ẹni tí kò ta irú géèmù bẹ́ẹ̀ rí mọ ohun tó yẹ kó ṣe láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí ọdún 2005 tó parí, àwọn tó ń sanwó rẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù 5. Kò sí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ géèmù kankan tó lè wo iye yẹn kó sùn dáadáa.

Sony àti LucasArts, tó ni ẹ̀tọ́ Star Wars, kọ́kọ́ tún ètò ìjà géèmù wọn ṣe ní oṣù kẹrin ọdún 2005, wọ́n sì mú ìpele wọ inú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìyẹn kò tó wọn. Àyípadà oṣù kọkànlá ló wó ilé náà palẹ̀. Àwáwí wọn ní ẹsẹ̀ nílẹ̀: iṣẹ́ pọ̀ jù, ẹni tuntun kì í mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tó wo fíìmù Star Wars tán tó ní òun fẹ́ lọ máa wa irin. Ìpín 9 tí wọ́n gbé kalẹ̀ bá fíìmù mu: Jedi, ọdẹ ènìyàn, onífàyàwọ́, kọmándò, amí, ọ̀gá ológun, oníṣègùn, aláriyá àti oníṣòwò. Jedi, tí àwọn kan ti fi ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wá, di ohun tí ẹni tó dé lónìí lè yàn kí ó tó mu omi.

Wọ́n ń wá àwọn tí kò tíì dé, wọ́n sì fi àwọn tó wà nílé ra wọ́n. Ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú ìkéde náà, ilé-iṣẹ́ náà ti ta àfikún géèmù kan fún àwọn ènìyàn tó rò pé ayé wọn àtijọ́ ni àwọn ń ra nǹkan kún. Igbe pọ̀ débi tí wọ́n fi ní kí àwọn tó bá fẹ́ gba owó wọn padà. Owó àfikún ni wọ́n lè dá padà. Ọdún méjì tí ènìyàn fi di ọ̀gá nídìí iṣẹ́ tí wọ́n ti pa rẹ́ kò ní iye. Nínú àdéhùn tí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń mú kí gbogbo ènìyàn tẹ bẹ́ẹ̀ ni sí kí wọ́n tó wọlé, ẹ̀dá, ilé àti òye, ti ilé-iṣẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Àwọn tó ń ta á kò jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹni tí a yá lóko lè má ni ilẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ló gbin ohun tó wà lórí rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ wọn lọ. Àwọn ìlú tí wọ́n dá sílẹ̀ dahoro, ilé ọtí dákẹ́. Àwọn tí wọ́n ń retí kò wá, nítorí ẹni tó fẹ́ World of Warcraft ti ní World of Warcraft. John Smedley, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ náà nígbà yẹn, gbà ní gbangba lẹ́yìn ọdún pípẹ́ pé àṣìṣe ni àwọn ṣe.

Yóò rọrùn láti ka èyí sí ìṣẹ́gun ètò àkúnlẹ̀yàn, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kà á fún ọdún bíi mélòó kan. Àmọ́ ní oṣù karùn-ún ọdún 2003, oṣù kan ṣáájú Galaxies, ilé-iṣẹ́ CCP ní Reykjavík ní Iceland ti gbé EVE Online jáde, níbi tí kò ti sí ìpín rárá, tí òye sì ń wọlé bí àkókò ṣe ń lọ, yálà ènìyàn tan kọ̀ǹpútà rẹ̀ tàbí kò tàn án. RuneScape, tí Andrew Gower àti àwọn arákùnrin rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2001, ń jẹ́ kí ẹ̀dá kan ṣoṣo gé igi, pa ẹja, rọ irin, kó sì jagun. Méjèèjì ṣì wà. Ultima Online fúnra rẹ̀ ṣì wà, pẹ̀lú òye 700 rẹ̀, EverQuest náà sì wà. Final Fantasy XIV ti ilẹ̀ Japan wá ọ̀nà àárín tó rọrùn: ohun ìjà tàbí irin-iṣẹ́ tí ẹ̀dá bá gbé lọ́wọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀; bó bá pààrọ̀ rẹ̀, ó ti pààrọ̀ iṣẹ́, ohun tó ti kọ́ tẹ́lẹ̀ kò sì sọnù.

Wọ́n ti Star Wars Galaxies pa ní ọjọ́ 15, oṣù kejìlá, ọdún 2011. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀ ni géèmù tuntun tó rọ́pò rẹ̀, Star Wars: The Old Republic, jáde, ìpín mẹ́jọ ló sì gbé ka iwájú ẹni tó bá wọlé, kó yan ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ṣáájú ìgbà náà ni àwọn kan ti ń ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, lálẹ́ àti ní òpin ọ̀sẹ̀, láti tún géèmù àtijọ́ náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, láìgba ìlà kan lọ́wọ́ Sony. SWGEmu ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà. Láti ọdún 2003 sí 2011, géèmù náà yí padà ní ìgbà tó pọ̀, wọ́n sì lè mú èyíkéyìí nínú wọn. Èyí tó wà ṣáájú oṣù kẹrin ọdún 2005 ni wọ́n mú, pẹ̀lú ìjà rẹ̀ tí kò gún régé, máàkì 250 rẹ̀, àti àwọn oníjó inú ilé ọtí rẹ̀.